Ìbuwọ́lù Tí Bàbá Kékeré Ò Lè Béèrè

Bàbá kékeré wa, àbúrò bàbá mi, máa ń wúkọ́ kó tó dárúkọ ọkọ̀ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wàásù. Àlòkù ni. Ó gbé e síwájú ilé ní Bẹẹrẹ, ó ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀, kì í wà á. Ó rà á kí ìyàwó rẹ̀, tí ọkàn ń dà láàmú, má baà máa gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n Alájì tó tà á fún un kú kó tó buwọ́ lu ìwé tó máa sọ ọ́ di tirẹ̀. Bàbá kékeré, tíṣà tó ti na ìdajì àdúgbò nítorí òfin, kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ ò pé, kí ọlọ́pàá tó kọ́ níwèé má baà dá a dúró ní Mápó.

Ó lọ bá àkọ́bí Alájì ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, kó lè bá a buwọ́ lù ú dípò bàbá rẹ̀. Àkàrà sàráà ló gbé bọ̀.

"Wọ́n ti buwọ́ lù ú?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Ìwọ náà! Ṣé inú ẹkún lèèyàn ti ń béèrè ìwé ọkọ̀?"

Nígbà tí ogójì ọjọ́ Alájì pé, èmi àti Bàbá kékeré jọ lọ. Ó wúkọ́. Àkọ́bí náà dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá, gbogbo ẹni tó ń wá kí wa ló ní ohun tó fẹ́ gbà. Ẹ̀yin nìkan lẹ wá torí bàbá wa."

Bàbá kékeré tún wúkọ́.

"Ọlọ́run á forí jìn wọ́n," ló wí. Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀kadà ló gbé ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ sí ọsibítù tí kò padà wálé. Bàbá kékeré wà lórí èkejì lẹ́yìn wọn, ó ń kígbe pé kí wọ́n rọra.