Bàbá Fura àti Olè Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ọjọ́ tí Bàbá Fura pe àna rẹ̀ lólè, kò sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀ nínú ilé.

Ìyàwó rẹ̀ wà lórí ibùsùn ní yàrá inú. Eegun ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀, kò lè rìn dé pálọ̀. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó wà lókè òkun, ń pè é lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń já bí okùn gbígbó. Bàbá Fura yọjú sí pálọ̀, níbi tí àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, jókòó síwájú àpótí náà.

"Ẹ dìde, àna mi."

Ó dìde. Ohùn ọmọ dé, ketekete.

"Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Ohùn ọmọ lọ.

"Ẹ tú àpò yín!"

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀ látorí ibùsùn. Ẹ̀rín ń pa á, ìbàdí ń dùn ún.

Ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n Bàbá Fura ń lo tirẹ̀ ní àlòjù. Bí òjò bá pa á, á kọ́kọ́ wòkè wò ó bóyá ẹnì kan ló ń da omi.

Ó fura sí dígí. Ó yí i kọjú sí ògiri. Ó fura sí kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Ó gbé e síta, tòun taṣọ. Ohùn ọmọ ṣì ń já. Ìyá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ohùn yẹn nìkan ló kù tó ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n pe ẹnjiníà.

"Bàbá, kò sólè. Ohùn ń gba ọ̀nà púpọ̀ dé yàrá. Ó ń lu ògiri, ó ń lu irin. Bí àwọn ohùn tó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn bá forí gbárí, wọ́n á pa ara wọn."

"Ta ló rán wọn?"

Ẹnjiníà mí kanlẹ̀. "Ẹ ra àpótí oníwo méjì, ìwo tó ń gba ohùn. Bí ọ̀kan ò bá gbọ́, èkejì á gbọ́."

Ojú Bàbá Fura tàn. Ẹlẹ́rìí méjì! "Má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra o. Wọ́n á gbìmọ̀."

Wọ́n rà á. Ohùn mọ́ gaara. Ó mọ́ jù. Bàbá Fura gba fóònù.

"Ta ló bí ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá mi."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Lẹ́yìn tí Bàbá Fura kú, tí wọ́n sin ín, tí ọmọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lókè òkun, ó pe Ìyá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ọmọ dákẹ́.

"Kí ló dé?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Màámi."

"Irọ́ ni. Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń fa imú."

Ìyá tẹ fóònù mọ́ etí. Ẹkún ọmọ wọlé, odindi, kò já níbì kan.