Kókó Ọmú Ìyá Mi àti Ẹrù Tó Gbà Padà

Ìyá mi kì í fi nǹkan tọrẹ. Ẹni tó bá ń ra obì gbànja lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ókè-Sópẹ́n mọ̀ pé ẹyọ kan ni èènì rẹ̀, tí inú rẹ̀ bá sì dùn gan-an, ẹyọ kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí lọ́jọ́ Sátidé tí mo dé láti yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè, tó bọ́ yẹtí góòlù rẹ̀, tó sì ní kí n máa lò ó.

Mo wo inú ilé yíká. Odó ńlá kò sí níbi tó máa ń wà mọ́. Ó ti fún ìyá tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà. Ìró àrán rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin l'Átìkórí. Mo bi í léèrè, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo tún bi í, ohùn mi sì ga ju bó ṣe yẹ kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ìgbà náà ló tó sọ pé kókó kan wà nínú ọmú òsì òun láti ìgbà òjò.

"Éè dùn mí rárá," ló wí. "Wọ́n sì ní èyí tí kì í dunni gan-an ló ń pààyàn. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe l'ọ́sibítù? Kí wọ́n lè sọ ọjọ́ ikú mi fún mi?"

Inú bí mi. Ẹni tí dókítà kò tíì fojú kàn ti pín ogún ara rẹ̀ tán! Agbọ̀n obì tó ń tú lọ́wọ́ wà níwájú rẹ̀: ó ti ká ewé orí rẹ̀ kúrò, ó ń fọwọ́ pa obì kọ̀ọ̀kan, kó lè yọ èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀.

"Màmá," ni mo wí, "tí ọwọ́ yín bá kan obì tí ara rẹ̀ ò dán, ṣé gbogbo agbọ̀n lẹ máa ń fi tọrẹ, àbí ẹ máa là á wò?"

Ó gbé obì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo máa là á wò," ló wí, bí ẹni tí wọ́n fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa gbàdúrà fún un, a sì gba ọsibítù lọ. Dókítà obìnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya àwòrán inú ọmú náà, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Ó ní púpọ̀ nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Omi ló wà nínú òmíràn, òmíràn sì jẹ́ ẹran lásán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ò lè mọ ìyàtọ̀, pé ó ń dunni tàbí kò dunni ò sì jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tó bá rí kókó tuntun lọ́mú tàbí lábíyá, tàbí tí awọ ọmú rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ti orí ọmú rẹ̀ jáde, kó má ṣe dúró de òjò mìíràn. Ìyá mi tẹ orí ba.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, a padà sí ọsibítù. Dókítà ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹran lásán ni, kó ṣáà máa padà wá kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá mi bi í bóyá ó dá a lójú, dókítà ní ó dá òun lójú. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dìde.

"Àtìkórí la ń lọ," ló wí fún mi.

A bá àbúrò rẹ̀ nínú ìró àrán náà, ó ń múra ìsọmọlórúkọ. Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n sunkún ayọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ni ìyá mi ní kó tú ìró. Iyán ni ìyá òdìkejì ọ̀nà ń gún nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá mi dúró kó gún un tán, ó bá a jẹ ẹ́, ó sì ní kí n gbé odó.

A ò tíì jókòó nílé tó fi na ọwọ́ sí mi. "Yẹtí mi dà?"

Inú áńkáṣíìfù ni mo dì í sí láti ọjọ́ tó ti fún mi. Mi ò lè fi í sétí. Mo tú u, mo sì kó o lé e lọ́wọ́. Mi ò tíì fi tayọ̀tayọ̀ dá nǹkan padà tó bẹ́ẹ̀ rí.