Igi Tí Bàbá Mi Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin gé ẹ̀ka igi kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, oje funfun sì ń ro lára rẹ̀. Bí òórùn oje náà ṣe kàn mí nímú, mo rántí ilé wa ní Ẹgbẹ́dá.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Ọ̀rẹ́ wọn kan ló fún wọn ní ẹ̀ka igi tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ jẹ èso rẹ̀ títí a ó fi mọ irú igi tó jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jẹ ẹ́. Ó dùn, ṣùgbọ́n ètè bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo sunkún lọ bá ìyá bàbá mi.

“Ìyá àgbà, mo jẹ èso igi bàbá. Ṣé mo máa kú ni?”

Wọn ò nà mí. Wọ́n já ewé igi náà, wọ́n wo oje rẹ̀. Wọ́n la èso kan, inú rẹ̀ pupa, ó kún fún hóró wẹ́wẹ́.

“Ó jọ ọ̀pọ̀tọ́ oko wa,” ni wọ́n wí.

Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún jẹ òmíràn, wọ́n wá fà mí jókòó sẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń di irun mi. Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé wọn kò rí irú èso yẹn rí, pé wọ́n jẹ ẹ́ kó má baà jẹ́ èmi nìkan ló jẹ ẹ́.

Nígbà tí bàbá mi ti ilé ìwé dé, ara mi le koko.

“Ọ̀pọ̀tọ́ ni igi rẹ,” ni ìyá àgbà sọ fún wọn. “Ọmọ rẹ ló bá wa dá a mọ̀.”