Àrọ̀ Ò Lè Gun Ògiri

Òórùn òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń jí wa. Bó bá ti gba ojú fèrèsé wọlé ní agboolé wa l'Ágége, oorun parí. Odò ẹ̀yìnkùlé ti ń kún nìyẹn, àwọn àrọ̀ sì ń gòkè lọ yé ẹyin sínú àbàtà tó wà lọ́nà Ọgbà.

Ẹja ìgbà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tòde òní. Ojú mi ni àrọ̀ kan ṣe ṣí fìlà lórí bàbá mi, tó dé e, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ẹja.

Ìyá mi, tí wọ́n ń yan ẹja tà, kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan èyí tó ń gòkè. Ìgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni tiwa. Lọ́jọ́ kan, àbúrò bàbá mi gbé abo kan tí ikùn rẹ̀ yọ wálé. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i tán, wọ́n wá ní: "Ọkọ mi, aboyún ń lọ bímọ, ẹ dá a lọ́nà! Kí lẹ fẹ́ ká yan lámọ́dún, irùngbọ̀n yín?" Àbúrò bàbá mi ń kùn, ó dá a padà sódò.

Àfi bí ilé iṣẹ́ kan ṣe dé, tí wọ́n mọ ògiri kọnkéré dábùú odò, kí omi lè dúró fún ẹ̀rọ wọn. Ihò tí eku ń rí lára ògiri ilé tiwọn, wọn ò fi sílẹ̀ fún ẹja! Nígbà tí àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn àrọ̀ ń fò, wọ́n ń forí sọ kọnkéré. Àwọn èèyàn ń fi àpò kó aboyún, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò pẹ́, ẹja tán lódò. Ìyá mi sọ àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹja di àgbá omi, búrẹ́dì ni wọ́n wá gbé lérí tà.

Ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti kógbá sílé tipẹ́, ẹ̀rọ ti dípẹtà. Ògiri ṣì dúró. Ta ló ń dá omi dúró fún?

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, mo rí àrọ̀ díẹ̀ nídìí ògiri, iye wọn ò ju ọmọ ìka ọwọ́ kan lọ. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mẹ́gáàdì ibẹ̀ ní: "Baba, pẹpẹsúùpù ti délẹ̀ nìyẹn!"

Mo ní: "Jẹ́ n ráyè jàre. Wọ́n ń lọ bímọ."

Nígbà èwe, mo máa ń sáré tẹ̀lé àrọ̀ gòkè odò, mi ò sì ní í bá a. Lónìí, orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò lépo, èmi ni mo sì ń gbé e gun ògiri, bí ìyàwó tí a ń sìn relé ọkọ. Àwọn tó mọ ògiri náà dà? Kí wọ́n wá gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi.