Ìkíni Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tú Kíláàsì Wa Ká

Màlúù kan ló sọ mí di olùkọ́. Ó já bọ́ láti inú ọkọ̀ ní gáréèjì Kuto lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èrò sá, èmi náà bá wọn sá láì mọ ohun tí mò ń sá fún. Kí ọ̀kadà tó gbé mi dé Aké, màlúù ti di ìjà láàárín awakọ̀ àti ọlọ́jà, ènìyàn mẹ́ta sì ti kú. Ará Aké ló sọ ọ́ fún èmi tí mo ti Kuto bọ̀, mo sì gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ pe ìyá mi pé kó tilẹ̀kùn. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, mo lọ ń béèrè láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù pé aago mélòó ni wọ́n gbọ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni irọ́ náà lò lọ́nà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fúnra mi kọ́ bí a ṣe ń fi fóònù tú àṣírí irọ́, títí yunifásítì kan fi ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ètò wa kò le: tí a bá ti gbọ́ pé ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, akẹ́kọ̀ọ́ á pe ẹni tó wà níbẹ̀ gan-an, a ó sì fi òótọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò. Olórí ẹ̀ka fún wa ní sáà kan. Tí a kò bá yára ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, kíláàsì ti tú nìyẹn.

Ìdánrawò àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mo fi aago wọ̀n ọ́n, mo sì rí olè tó ń jí ìṣẹ́jú wa: ìkíni ni. Ìyá oníbúrẹ́dì kan wà ní Kuto tó ń rí gbogbo gáréèjì láti ìdí àtẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ nǹkan kan títí ẹ ó fi béèrè ilé, ọjà, orúnkún tó ń dùn ún àti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kọ́bapẹ́. Èmi ọlọ́gbọ́n wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má kí ẹnikẹ́ni mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan pè é: "Mà, ṣé ìjà wà ní Kuto?"

"Ìjà ò tíì sí," ni ìyá náà dáhùn. "Sọ ilé yín fún mi ná, á wà."

Ó pa fóònù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ní kí gbogbo gáréèjì má dá wa lóhùn mọ́. Ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn burúkú ní í yọ ọfà lápó. Èmi tí mo ń kọ́ni ní àlàáfíà ti dá ìjà sílẹ̀ níbi tí kò sí.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ nídìí àtẹ búrẹ́dì. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú, ó gbọ́ tán, ó wò mí bí ẹni tó ń wo búrẹ́dì àná.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró dọjọ́ ìjà kẹ́ ẹ tó kí mi? Ṣé kò sí àárọ̀ ní yunifásítì ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn wọn láràárọ̀, láti kí wọn lásán. Mo kùn pé èyí kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní ìparí sáà, olórí ẹ̀ka mú aago tirẹ̀ dání, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn tún pe Kuto. "Mà, a ti kíra láàárọ̀." Ìyá ní, "A ti kíra, ọmọ mi. Béèrè." Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kíláàsì kò tú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi pè mí láti Aké pé ogun ti dé Kuto, òun ti tilẹ̀kùn. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, òótọ́ ti wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: àgbò kan ló já okùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì nínú àkókò yẹn ni ìyá oníbúrẹ́dì fi béèrè bóyá olùkọ́ ti jẹun.