Sọ̀wédowó Ọmọ Ilé Wa

Orúnkún ọmọ wa ọkùnrin máa ń gbá ara wọn tó bá ń rìn. Dókítà ní ká tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí egungun rẹ̀ tó le sí i. Wọ́n ti fún wa lọ́jọ́, owó rẹ̀ sì ti pé nínú àkáǹtì ọkọ mi.

Káfíńtà ni ọkọ mi ní Kabusa, l'Abuja. Abẹ́ páànù iwájú ilé wa ló ti ń kan àga. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní, "Okun o!" Ìkíni ilé wa nìyẹn. Ní Abuja tó jẹ́ pé "sànnu" là ń gbọ́ ṣáá, ẹni tó bá kí ọ báyẹn ti di ẹbí.

"Àdúgbò wo lẹ ti wá?" ló bi ọkọ mi. Nígbà tó gbọ́, ó pariwo. "Áà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń mu ẹmu tán kí àlejò tó jókòó!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní àwọn fẹ́ àga sí ọ́fíìsì àwọn ní Jahi, ló bá mú sọ̀wédowó jáde. Owó inú rẹ̀ ju iye tí wọ́n jọ sọ lọ. "Ọ́fíìsì ló kọ ọ́ jù, àbúrò. Tó bá ti wọlé, fi ìyókù ránṣẹ́ sí awakọ̀ tó máa wá kó àwọn àga."

Ọkọ mi mú un lọ sí báǹkì. Bí alẹ́ẹ̀tì ṣe dé sórí fóònù rẹ̀ ni ọkùnrin náà pè pé awakọ̀ ti ń dúró.

"Ẹ jẹ́ ká bi báǹkì ná," ni mo sọ. "Ta ló ń san ju iye ọjà lọ?"

"Ṣé kí n pe ọmọ ilé wa lólè ni? Tí wọ́n bá gbọ́ nípàdé ẹgbẹ́ ìlú ńkọ́?"

Lọ́dọ̀ tiwa, kéèyàn máa fura sí ará ilé rẹ̀ lẹ́yìn odi, àbùkù ńlá ni. Ó fi owó ránṣẹ́.

Látìgbà náà, fóònù ọkùnrin yẹn ò wọlé mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì wá kó àga. Kò pẹ́ tí báǹkì fi yọ owó sọ̀wédowó wọn padà. Owó ọmọ wa ló ti bá awakọ̀ lọ.

"Wọ́n jí ìwé yìí ni, mà," ni ọmọbìnrin tó wà ní kántà báǹkì wí nígbà tá a lọ bi wọ́n. "Alẹ́ẹ̀tì yẹn kàn sọ pé a ti gbà á lọ́wọ́ yín ni. Ẹ̀ bá dúró kó kíláà, kí owó wọlé gan-an."

"Ẹni tá a fi owó ránṣẹ́ sí ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbá àkáǹtì yẹn mọ́, mà."

Mo fẹ́ pariwo lé ọkọ mi lórí. Ṣùgbọ́n ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi èékánná họ gúlúù tó gbẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kò lè wò mí lójú. Mo ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ní báyìí, ìbáà ṣe ọmọ ìyá wa ló mú sọ̀wédowó wá, a ó dúró kí báǹkì fi ẹnu ara wọn sọ pé owó ti wọlé. Ẹni tó bá ní ká dá ìyókù padà kíákíá, a ó dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Àwọn ará ilé wa ń bú wa. Kí wọ́n máa bú wa.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, a lọ bẹ̀bẹ̀ ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní ká padà wá tówó bá dé. Ọmọ náà wọ ṣòkòtò tuntun.

"Dádì, ṣé òní ni?"

"Rárá," ni mo dáhùn.

"Ọ̀la ńkọ́?"

Ọkọ mi gbé e sí èjìká, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.