Láìnì Tí Bàbá Mi Là

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí gbogbo ènìyàn ń sọ lábúlé wa nígbà tí mo ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Láìnì ni. Ẹni tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rí gan-an ń sọ ọ́. Awakọ̀ á ní láìnì Òkìtìpupa lòun ń ná. Obìnrin ẹlẹ́ja á ní epo kì í ṣe láìnì òun. Ìyá mi á ké sí mi pé kí n sáré lọ kó aṣọ lórí láìnì, òjò ti ṣú. Èmi ní tèmi, láìnì ni mo fi ń jẹun. Mo ń fà á sára pátákó, mo ń ní kí àwọn ọmọ kọ̀wé sáàárín rẹ̀, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ bá yọrí kọjá láìnì, mo nà án lọ́wọ́. N kò sọ pé ó dára. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn, ọwọ́ mi sì yá sí pàṣán.

Nígbà ogun abẹ́lé, ọ̀rọ̀ náà di nǹkan mìíràn létí wa. Àwọn sójà dá ọkọ̀ tí bàbá mi wọ̀ dúró lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n to láìnì. Bàbá mi kò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Ó ní àwọn dúró pẹ́ nínú oòrùn, wọ́n sì fa ọkùnrin méjì yọ nínú láìnì náà lọ sẹ́yìn ọkọ̀, àwọn kò sì rí wọn mọ́. Láti ìgbà náà, bó bá ń lọ sóko láàárọ̀ tó sì bá mi níbi tí mo ti ń ní kí àwọn ọmọ to láìnì níwájú ilé ẹ̀kọ́, apá kejì ni yóò kọjú sí títí yóò fi kọjá.

Oko kan ṣoṣo ni bàbá mi ní, lápá ibi tí à ń gbà lọ sí Ìjù-Odò. Ọ̀pẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ àti kòkó díẹ̀. Bàbá tirẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un, inú oko náà ni wọ́n sì sin ìyá rẹ̀ sí. Kò ní ilẹ̀ mìíràn, kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì wá òmíràn rí. Bí oko yẹn bá lọ, bàbá mi náà lọ nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan lẹ́yìn tí ogun parí, àwọn ènìyàn kan wọ igbó wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rí wọn. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin kan wà nínú igbó tí wọ́n gbé ọ̀pá funfun àti pupa dání, tí ọ̀kan nínú wọn sì di ojú kan, tó fi ojú kejì wo nǹkan kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Àdá ni à ń gbọ́ láti àárọ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, ó kàn ń súnmọ́ tòsí.

Awọnlẹ̀ ni wọ́n. Ará Gánà ni ọ̀gá wọn, ọmọlúàbí ènìyàn, kò gbọ́ Yorùbá kankan. Ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ gbin ọ̀pẹ ló rán wọn. Ìròyìn tí a gbọ́ láti àwọn abúlé tó wà lọ́nà ni pé bí wọ́n bá kan èèkàn mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn olóko á lọ fà á tu. Ọkùnrin kan tilẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ajá. Gbogbo ènìyàn ń fara balẹ̀ wo ohun tí bàbá mi máa ṣe, nítorí inú rẹ̀ máa ń tètè ru.

Inú bí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé wọ́n ń la igbó létí oko rẹ̀ ni inú fi bí i. Torí pé wọ́n ń là á láìpe òun ni.

Ní tiwa, ẹnì kan kì í dá ààlà là. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn méjì tí oko wọn pààlà á jọ gbé àdá, wọn á gbéra láti ìdí pèrègún kan dé ìdí èkejì. Ilé ẹni tí oko rẹ̀ tóbi jù ni oúnjẹ ti ń wá. Wọn á jókòó sórí ààlà náà gan-an, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọn á jẹun nínú àwo kan. Ìwé wa nìyẹn. Ẹni tó bá bá ọ jẹun lórí ààlà kò lè jí dìde lọ́la kó ní tòun ni ilẹ̀ rẹ, àfi bó bá fẹ́ kí oúnjẹ náà bi òun léèrè. Bàbá mi àti aládùúgbò rẹ̀ ti ń ṣe é láti ìgbà tí wọn kò tíì gbéyàwó, ìjà kò sì ṣẹlẹ̀ láàárín wọn rí.

Ohun tí bàbá mi rò nìyẹn. Ó kó ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ wọn jọ, ó ní kí wọ́n pọ́n àdá wọn. Ó ní kí ìyá mi se ọbẹ̀ marúgbó, kó sì ro pùpùrù, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, tó máa kárí àlejò àti onílé.

Aládùúrà ni ìyá mi, kì í wọ bàtà lọ sí ilé ìsìn, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lọ́jọ́ tó bá ń gbààwẹ̀. Ó ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ẹni éè ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ààlà kí ló bá ọ là?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Wòlíì mi, o tún ti ríran.”

“Éè ṣe ìran. Ìbéèrè ni mo bi ọ́.”

“Ẹni tó bá bá mi jẹ pùpùrù lórí ulẹ̀ mi, éè lè gba ulẹ̀ mi. Lọ gbé ìkòkò kaná.”

Ó gbé e kaná. Títí dòní, mo ṣì ń rántí ìbéèrè yẹn, pé ẹni tí kò ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ààlà kí ló bá wa là. Nínú gbogbo wa, obìnrin tí kò mọ̀wé yìí nìkan ló bèèrè ohun tó yẹ ká bèèrè.

Èmi ni ògbufọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, àwọn ọkùnrin mẹ́wàá yí bàbá mi ká, wọ́n ń kọ orin ìjọ, àdá ń lọ sókè sódò. Ẹnu ya awọnlẹ̀ náà. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti gbé oúnjẹ wá fún àwọn nìkan nìyí. Ó jẹun, ó lá ọwọ́, ó sì mú ìwé kékeré kan jáde, ó kọ nǹkan sí i. Nígbà tó yá, ó kọjú sí mi, ó ní òyìnbó mi dùn létí, ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé mi. Inú mi dùn débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́ nísinsìnyí.

Bóyá torí mo gbọ́ òyìnbó ló ṣe tẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà fún mi wò lórí kùkùté igi, tí ọ̀kan nínú àwọn lébìrà rẹ̀ di etí àwòrán náà mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Láìnì pupa kan lọ yí ká. Mo rí odò wa. Mo rí ọ̀nà Ìjù-Odò. Mo wá oko bàbá mi níta láìnì náà, n kò rí i. Mo tún un wá. Inú ló wà, pẹ̀lú sàréè ìyá bàbá mi, gbogbo rẹ̀ pátá.

Mo bi í pé ta ló máa ni ohun tó bá wà nínú láìnì yìí.

Ó ní ti ilé iṣẹ́ ni, pé wọ́n máa bá àwọn olóko sọ̀rọ̀ tó bá yá, pé iṣẹ́ tòun kò ju kí òun fa láìnì lọ.

Bàbá mi dáwọ́ dúró, ó fi ìka nu òógùn iwájú orí. “Ọma mi, kí ló wí?”

Mo wò ó. Mo wo àwọn ọkùnrin tó ń kọrin. Mo wo ọkùnrin tó yin òyìnbó mi. Mo ní, “Ó ní láìnì lásán ni.”

Bàbá mi ní ó dára, ó padà sídìí àdá rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ti ara mi nìkan kọ́ ló bá mi dákẹ́.

Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í yá, pé ọdún mẹ́wàá lè kọjá. Ṣùgbọ́n n kò lè rìn kọjá lórí ibi tí wọ́n là náà láìkanra. Gbogbo ọ̀nà wa ló máa ń yà fún igi ńlá, ó máa ń yà fún àkìtàn, ó máa ń yà fún ẹnu ọ̀nà ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èyí kò yà fún nǹkan kan. Bí o bá dúró sí i, o máa rí òpin rẹ̀ lọ́hùn-ún bí ojú ṣe lè ríran mọ, kò sì sí ohun tó ń rìn lórí rẹ̀. Ìyá mi kò gba ibẹ̀ mọ́ rárá, ó ń gba ẹ̀yìn odò yí ká.

Ìgbà òjò kejì lẹ́yìn ìyẹn ni katapílà dé. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé e sí, ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ sì ń lọ wò ó. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, òyìnbó aláwọ̀ funfun kan tí irun rẹ̀ ti funfun, ní kí gbogbo olóko wá bá òun lábẹ́ igi níwájú ilé ẹ̀kọ́. Tábìlì mi ni wọ́n gbé síta fún un. Wọ́n ní kí n wá túmọ̀.

Ó mú ìwé kékeré awọnlẹ̀ náà dání. Ó ń ka àwọn oko ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oko ẹni tó fa èèkàn tu, ó fi sí apá kan, ó ní ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, wọn kò ní í fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀. Oko ẹni tó fi ajá lé wọn, apá kan náà ni. Aládùúgbò wa tí oko wa pààlà, tí kò gbà kí wọ́n wọ inú oko òun, apá kan. Ó wá kan bàbá mi.

Òyìnbó náà ní kí n bi í, ta ló la láìnì tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀?

Mo bi í. Bàbá mi dìde dúró. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìdúpẹ́ ìkórè. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn. Ìbéèrè tó ti ń retí nìyẹn, nítorí ní tiwa, bí ìjà ilẹ̀ bá dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn àgbà ń bi ni èyí, ẹni tó bá sì lè dìde dáhùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń dá láre.

Ó ní, “Èmi ni. Èmi àti ẹgbẹ́ mi. Éè sí ẹni tó fi túláàsì mú wa. Wọ́n jẹun lọ́wọ́ mi, ulẹ̀ mi náà ni wọ́n jókòó lé jẹ ẹ́.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. N kò yọ nǹkan kan kúrò, n kò sì fi nǹkan kan kún un. Mo lè sọ fún òyìnbó náà pé ohun tí bàbá mi ń wí ni pé ilẹ̀ òun rèé, òun kò fún ẹnikẹ́ni. Ó wà lẹ́nu mi. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, bàbá mi á bi mí ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀, màá sì ní láti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo abúlé pé mo ti rí àwòrán náà láti ọjọ́ tí a jẹ pùpùrù.

Òyìnbó náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé olóko fúnra rẹ̀ ti gbà fún wọn. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ló wí?”

“Ó ní ẹ ṣeun.”

Bàbá mi wo àwọn tí wọ́n fi oko wọn sí apá kan, ó káàánú wọn. Ó sọ fún aládùúgbò wa pé òun ti kìlọ̀ fún un kó wá bá àwọn là á.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni katapílà wọ oko wa, kò sì wọ tẹlòmíràn. Bàbá mi sáré lọ dúró níwájú rẹ̀. Lébìrà tó di etí àwòrán mú lọ́jọ́ yẹn ló fà á kúrò níbẹ̀. Ó sọ fún un ní Yorùbá pé, “Bàbá, ẹ má pa ara yín. Àbí ọmọ yín ò sọ fún yín ni? Ọ̀gá wa ti fi han tíṣà nínú ìwé láti ọjọ́ tí ẹ fún wa lóúnjẹ.”

Ilé mi ni bàbá mi gbà wá láti oko. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún amọ̀ títí dé orúnkún. Ó ní, “Ọma mi, o mọ̀?”

Mo ní, “Mo mọ̀, Bàbá.”

Ó dìde, ó gba ilé rẹ̀ lọ, ìyá mi sì gbé omi fún un láti fi fọ ẹsẹ̀.

Lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ kọ lẹ́tà sí i. Mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láàárọ̀, mo ti na ọwọ́ síta láti gbà á. Ó kí mi dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà mi. Ó fi lẹ́tà náà sábẹ́ fìlà, ó sì fi ẹsẹ̀ rin wákàtí méjì lọ sí Ìkọ̀yà láti lọ wá ẹni tí yóò kà á fún un.